Ohun tí ó wà nínú Epo Rọ̀bì: Ìtàn láti Agbábù dé Aje, àti Ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún Ṣómólú àti Bàrígà

Ìfáárà

Ẹni tí ó bá dé àdúgbò Ìlàjẹ ní Bàrígà, ní etí ọ̀sà, yóò bá àwọn apẹja tí ilé baba wọn wà ní etíkun ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí epo rọ̀bì wà. Ní Ṣómólú ẹ̀wẹ̀, àwọn òǹtẹ̀wé a máa fi kẹrosíìnì fọ ẹ̀rọ wọn. Epo kò jìnnà sí wa rárá. Síbẹ̀, bí a bá ń kọ ìtàn rẹ̀, iye àgbá àti iye owó ni a sábà máa ń kà. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé àkópọ̀ èròjà inú epo gan-an ni ó darí ìtàn náà, àti pé ó yẹ kí olùkọ́ mọ̀ ọ́n.

Irú ohun tí epo rọ̀bì jẹ́

Epo rọ̀bì kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ èròjà tí kábọ́ọ̀nù àti háídrójìn para pọ̀ dá ni ó wà nínú rẹ̀. Èyí tí ó fúyẹ́ jù lọ ni mítéènì, tí í ṣe gáàsì. Lára èyí tí ó wúwo jù lọ ni ọ̀dà dúdú tí a fi ń ṣe títì. Nínú àpáta abẹ́ ilẹ̀, ìfúnpá pọ̀ débi pé gáàsì a máa yòrò sínú epo. Bí epo bá ń gòkè, tí ìfúnpá sì ń dín kù, gáàsì náà yóò hó jáde, bí ìgbà tí a ṣí igo ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ní ibòmíràn, gáàsì ni ó wà nísàlẹ̀. Bí ìfúnpá bá dín kù, epo fífúyẹ́ a sẹ̀ láti inú rẹ̀ bí ìrì. Nítorí èyí ni àwọn onímọ̀ ṣe ń bu àpẹẹrẹ láti ìsàlẹ̀ kànga sínú ohun èlò onírin tí a dé pinpin. Bí gáàsì bá jò, àkọsílẹ̀ wọn di irọ́.

Láti Agbábù dé Oloibiri

Ní ọdún 1908, ilé-iṣẹ́ Nigerian Bitumen Corporation bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ kànga ní agbègbè Òkìtìpupa àti Agbábù. Ogun Àgbáyé Kìíní, ní 1914, ni ó fi òpin sí i. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ogun nìkan ni ìṣòro. Àwọn kòkòrò àìfojúrí àti omi ti kó èyí tí ó fúyẹ́ lọ láti ọjọ́ pípẹ́. Ọ̀dà wúwo tí kò ṣeé fà bí omi ni ó ṣẹ́kù.

Ní 1956, Shell-BP rí epo ní Oloibiri. Ní 1958, wọ́n kó epo Nàìjíríà àkọ́kọ́ lọ sí òkè òkun. Epo tí a wá ń pè ní Bonny Light fúyẹ́, imí-ọjọ́ inú rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Èyí ni àwọn afọpo òkèèrè fi fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Gáàsì tí ó ń bá epo náà jáde ni wọ́n ń dáná sun. Òfin ọdún 1979 pàṣẹ pé kí èyí dópin ní 1984, ṣùgbọ́n iná náà kò kú. Ní 1999 ni gáàsì olómi àkọ́kọ́ tó kúrò ní Bonny lọ sí òkè òkun.

Ọ̀rọ̀ náà dé Èkó

Ní 1996, wọ́n rí epo ní Aje, nínú òkun Àgbádárìgì. Ìpele méjì ni ó ṣe pàtàkì níbẹ̀: epo wà nínú ọ̀kan, gáàsì tí epo fífúyẹ́ ń sẹ̀ láti inú rẹ̀ sì wà nínú èkejì. Ní oṣù Karùn-ún 2016 ni epo àkọ́kọ́ jáde, tí Èkó sì di ìpínlẹ̀ tí ń pèsè epo. Oko kan náà ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a ó gbà wa ìpele méjèèjì kò lè jẹ́ ọ̀kan náà.

Ẹ̀kọ́ fún olùkọ́

Ọ̀rọ̀ àkópọ̀ yìí kò parí sí ibi kànga. Ooru kẹrosíìnì tí ó péye gbọ́dọ̀ tó ìwọ̀n 38 lórí òṣùwọ̀n Celsius kí èéfín rẹ̀ tó lè gbiná. Èéfín bẹntiróò lè gbiná kódà nínú òtútù tí ó ju ti yìnyín lọ. Nítorí náà, ìwọ̀nba bẹntiróò díẹ̀ nínú kẹrosíìnì ti tó láti sọ àtùpà tàbí sítóòfù di ohun ìjà. Ní àwọn ọdún 1980, àti ní 2001, irú kẹrosíìnì bẹ́ẹ̀ jó ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Èkó, àwọn ọmọdé sì wà lára wọn. Ẹ jẹ́ kí a máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa pé ojú lásán kò lè dá èyí tí a lú mọ̀, àti pé a kì í rọ epo sínú sítóòfù tí iná ṣì wà nínú rẹ̀.

Ìkádìí

A ti rí i pé ohun tí ó wà nínú epo ni ó mú kí wọ́n fi Agbábù sílẹ̀, tí ó sọ Bonny di olókìkí, tí ó sì sọ gáàsì di ìdọ̀tí tí a ń sun. Òun kan náà ni ó ń pinnu bí ọmọ Bàrígà tí ó tan àtùpà kàwé lálẹ́ yóò ṣe jí ní àárọ̀. Yunifásítì Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní 1962, wà ní Akọka nítòsí wa, wọ́n sì ń kọ́ ìmọ̀ epo rọ̀bì níbẹ̀. Iṣẹ́ tiwa ni láti fi èdè Yorùbá gbé ìmọ̀ náà kọjá ọgbà wọn, kí ó dé ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ó sún mọ́ ọ jù.