ÌTÀN OÒGÙN TÍ Ó ṢÁÁJÚ ÀLÀYÉ RẸ̀

Kì í ṣe gbogbo oògùn ni ọ̀mọ̀wé máa ń mọ ìdí rẹ̀ kí aláìsàn tó jẹ àǹfààní rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ti ewéko tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní foxglove. Ní ọdún 1775, wọ́n bi William Withering, oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, léèrè nípa àgbo kan tí ìyá arúgbó kan ní Shropshire fi ń wo àrùn ara wíwú. Ó tó ogún irú ewé tí ó wà nínú àgbo náà, ṣùgbọ́n Withering wòye pé foxglove ni ó ń ṣe iṣẹ́ gan-an. Ó dán an wò fún ọdún 10 kí ó tó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1785. Nínú ìwé náà ni ó ti kìlọ̀ pé bí ìwọ̀n bá pọ̀ jù, èébì yóò máa gbé aláìsàn, ìlù ọkàn rẹ̀ lè rẹlẹ̀ dé 35 ní ìṣẹ́jú kan, ó sì lè kú. Báwo ni ewé kan náà ṣe lè di ìyè, kí ó sì tún di ikú? Ayé Withering kò ní ìdáhùn.

Inú iyọ̀ ara ni ìdáhùn náà fara pamọ́ sí. Ní 1882, Sydney Ringer ní Lọ́ńdọ̀nù rí i pé ọkàn ọ̀pọ̀lọ́ tí a yọ kúrò lára rẹ̀ ń lù nínú omi oníyọ̀ kan. Kò mọ̀ pé omi ẹ̀rọ ni a fi pò ó. Nígbà tí a lo omi tí a ti mú gbogbo ìdàpọ̀ rẹ̀ kúrò, ọkàn náà rẹ̀, ó sì dákẹ́. Ní 1883 ni ó kéde pé kálísíọ̀mù inú omi ẹ̀rọ ni ó ń mú ọkàn náà lù.

Sẹ́ẹ̀lì, tí í ṣe ẹyọ tí a fi mọ ara ẹ̀dá, dà bí ìlú olódi. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni odi rẹ̀, ó sì ní àwọn oníbodè. Sódíọ̀mù òde fi nǹkan bí ìlọ́po 10 ju ti inú lọ. Kálísíọ̀mù òde fi nǹkan bí ìlọ́po 10,000 ju ti inú lọ. Ní 1957, Jens Skou ti Aarhus, ní ilẹ̀ Denmark, rí oníbodè kìíní nínú iṣan ẹsẹ̀ akàn. Oníbodè yìí ń ná agbára sẹ́ẹ̀lì láti ti sódíọ̀mù 3 síta, kí ó sì mú pọtásíọ̀mù 2 wọlé. Iṣẹ́ yìí ni ó mú Skou gba ẹ̀bùn Nobel ní 1997. Ní 1968, Harald Reuter àti Seitz fi ọkàn ẹranko ṣe àwárí oníbodè kejì, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ pàṣípààrọ̀: bí sódíọ̀mù 3 bá ti wọlé, kálísíọ̀mù 1 yóò jáde.

Hans Schatzmann ti fi hàn ní 1953 pé oògùn irú ti foxglove ń dá ìrìn sódíọ̀mù dúró nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí a so àwárí wọ̀nyí pọ̀, ọ̀rọ̀ yanjú. Oògùn náà ń di oníbodè kìíní lọ́wọ́. Sódíọ̀mù ń pọ̀ nínú ìlú. Pàṣípààrọ̀ oníbodè kejì ń falẹ̀. Kálísíọ̀mù tí ó yẹ kí ó jáde ń ṣẹ́kù sílé, ọkàn tí ó ti rẹ̀ sì ń fún ẹ̀jẹ̀ jáde pẹ̀lú agbára. Ṣùgbọ́n bí a bá di oníbodè púpọ̀ jù, kálísíọ̀mù yóò kún àkúnya, ìlù ọkàn yóò dàrú, ikú yóò sì dé. Ọ̀nà kan náà ni oró ọfà tí àwọn ọdẹ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń ṣe láti inú èso Strophanthus fi ń pa ẹran.

Láti ìwé Withering dé àwárí oníbodè kejì jẹ́ ọdún 183. Dókítà ṣì ń lo digoxin, tí a ń rí láti ara ewé foxglove, fún àwọn aláìsàn ọkàn mìíràn. Wọ́n a sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò láti mọ ìwọ̀n rẹ̀, nítorí ìkìlọ̀ 1785 kò tíì yẹ̀.