Ìkarahun Abẹ́ Ilẹ̀ Virginia

Àgbẹ̀ ilẹ̀ wa kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa mọ ìgbà tí ilẹ̀ bá ṣá. Bí iṣu kò bá ta mọ́, tí ewé àgbàdo sì ń pọ́n nígbà tí òjò ṣì ń rọ̀, yóò kó ọkọ́ àti àdá rẹ̀ lọ sí ibòmíràn, yóò fi ojú ilẹ̀ náà sílẹ̀ kí ó padà di igbó. Nígbà tí òun tàbí ọmọ rẹ̀ bá padà wá ṣán an, wọn yóò finá sí i. Eérú tí iná yìí ń fi sílẹ̀ kì í ṣe pàǹtí. Káísíọ̀mù wà nínú rẹ̀, bí ó ti wà nínú òkúta ẹfun, ó sì ń dín kíkan ilẹ̀ kù. Àwọn baba wa kò sọ pé ilẹ̀ kan. Wọ́n ní ó ṣá. Síbẹ̀, wọ́n ti ń tọ́jú apá kan àìsàn náà kí ẹnikẹ́ni tó fún un lórúkọ.

Ìtàn ẹni tí ó fún un lórúkọ ni mo fẹ́ sọ níhìn-ín, kì í sì í ṣe ìtàn ilẹ̀ wa. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀dó sí Jamestown ní Virginia, ní ìhà ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, ní 1607. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé inú tábà ni owó wà. Tábà a máa jẹ ilẹ̀. Nígbà tí yóò fi tó igba ọdún, ọ̀pọ̀ oko tí ó wà lẹ́bàá odò James ti di ilẹ̀ tí kò mú nǹkan gidi jáde mọ́. Àwọn olóko kan kó ẹrú wọn lọ sí ìwọ̀-oòrùn láti wá ilẹ̀ tuntun. Àwọn mìíràn ń ta ẹrú fún àwọn olóko òwú ní gúúsù.

Kì í ṣe pé wọ́n káwọ́ gbera. George Washington pàápàá, kí ó tó di olórí orílẹ̀-èdè, ní 1760, ṣe àpótí oníyàrá mẹ́wàá kan sí oko rẹ̀ ní Mount Vernon. Ó po ìgbẹ́ ẹran, ẹrẹ̀ odò, máàlì àti àwọn nǹkan mìíràn mọ́ erùpẹ̀ inú wọn, ó gbin ọkà sí i, ó sì ń wo èyí tí yóò ṣe dáadáa jù. Ní 1765 ó gbin igbó. Kí òǹkàwé má ṣe rẹ́rìn-ín: ẹ̀yà tí a ń fi èèpo rẹ̀ ṣe okùn ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbátan èyí tí à ń mu ni, èyí tí òfin Nàìjíríà ti 1966 sọ gbígbìn rẹ̀ di ọ̀ràn ikú tàbí ẹ̀wọ̀n gbọọrọ. Igbó kò fẹ́ràn ilẹ̀ kíkan. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, Washington kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀ pé ó ti pẹ́ díẹ̀ kí òun tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya akọ igbó náà kúrò lára abo.

Ẹni tí ó wá rí ìdí ọ̀ràn ilẹ̀ náà ni Edmund Ruffin, tí a bí ní 1794. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún tí oko Coggin's Point létí odò James fi di tirẹ̀. Ó kọ́kọ́ tẹ̀lé ìmọ̀ràn John Taylor, àgbà olóko tí Virginia ń gbọ́ tirẹ̀, pé ìgbẹ́ ẹran àti koríko jíjẹrà ni kí a fi bọ́ ilẹ̀. Ó bọ́ ọ títí, ilẹ̀ kò dúpẹ́. Nígbà náà ni ó ka ìwé tí Humphry Davy tẹ̀ jáde ní 1813 lórí kẹ́mísírì iṣẹ́ àgbẹ̀, ó sì bá a níbẹ̀ pé ásíìdì lè ba ilẹ̀ jẹ́, àti pé òkúta ẹfun lè ṣẹ́gun rẹ̀. Ruffin yẹ erùpẹ̀ oko rẹ̀ wò, kò rí òkúta ẹfun nínú èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó tún ṣàkíyèsí pé igi páìnì àti ewéko tí omi ara wọn kan ni ó ń gbilẹ̀ níbẹ̀. Kò rí ásíìdì náà lójú. Ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó tọ̀. Ó di 1909 kí Sørensen ará Denmark tó gbé òṣùwọ̀n pH kalẹ̀, lẹ́yìn èyí ni a sì wá mọ̀ dájú pé alumíníọ̀mù tí ó ń yọ́ nínú ilẹ̀ kíkan a máa pa gbòǹgbò lára.

Oògùn náà wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Máàlì ni: amọ̀ àti iyanrìn tí ó kún fún ìkarahun ẹran òkun, láti ìgbà tí òkun bo ibẹ̀ ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. (Kí a má ṣe rò pé ẹfun tí a fi ń kun ojúbọ yóò ṣe irú iṣẹ́ yìí. Òótọ́ ni pé Bíbélì Yorùbá lo orúkọ náà nínú òkúta ẹfun, ṣùgbọ́n amọ̀ funfun ni ẹfun wa sábà máa ń jẹ́, kò sì lè mú kíkan ilẹ̀ kúrò. Ìkarahun ìgbín tí a ń dà sí ààtàn ni ìbá ṣe é.) Ní oṣù kejì 1818, wọ́n da máàlì sí éékà díẹ̀, wọ́n sì gbin àgbàdo sí i. Ìkórè ibẹ̀ fi nǹkan bí 40 nínú 100 ju ti ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Ruffin sọ ọ́ ní ìpàdé àwọn olóko, ó kọ ọ́ sí ìwé ìròyìn ní 1821, ó sì sọ ọ́ di odindi ìwé ní 1832. Ó rí i pẹ̀lú pé bí máàlì bá pọ̀ jù, a máa pa ohun ọ̀gbìn lára.

“Wọ́n” ni mo kọ lókè yìí. Ta ni wọ́n? Ẹrú ni. Àwọn ni wọ́n gbẹ́ erùpẹ̀ orí máàlì kúrò, tí wọ́n dúró nínú kòtò tí omi ń sun sí, tí wọ́n wa máàlì náà sórí kẹ̀kẹ́ ẹrù, tí wọ́n sì tẹ́ ẹ sí oko. Nínú ìwé Ruffin, a ka owó iṣẹ́ òòjọ́ wọn pọ̀ mọ́ ti ẹran tí ń fa kẹ̀kẹ́. Mi ò ní sọ pé ọmọ Yorùbá pọ̀ nínú wọn, nítorí ilẹ̀ Ìgbò, Senegambia àti Angola ni wọ́n ti kó púpọ̀ lára àwọn baba ńlá wọn, Virginia sì ti fòfin de kíkó ẹrú wọlé láti òkèèrè ní 1778. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọ ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú ni ó sọ ilẹ̀ náà jí, ilẹ̀ jíjí náà sì ni Ruffin gbójú lé pé yóò mú kí Virginia lágbára, kí oko ẹrú sì máa bá a lọ. Àwọn tí ń yìn ín bí ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ kì í sábà dúró níbí yìí. Èmi rò pé ibí yìí gan-an ni ó yẹ kí a dúró sí.

Ó pe oko rẹ̀ kejì ní Marlbourne, láti ara máàlì. Nígbà tí àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù fẹ́ ya kúrò, ó wà lára àwọn tí ariwo wọn pọ̀ jù, ó sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ yìnbọn sí odi Fort Sumter ní oṣù kẹrin 1861. Ní 1862, bí ọmọ ogun àríwá ti ń súnmọ́ tòsí, ọ̀pọ̀ ẹrú ìdílé rẹ̀ sá lọ bá wọn. Kòtò máàlì kò rí wọn mọ́. Ní oṣù kẹfà 1865, nígbà tí ogun ti parí, Ruffin fi ìbọn pa ara rẹ̀.

Láti oṣù keje 2021, òfin Virginia gba àgbàlagbà láàyè láti gbin igi igbó mẹ́rin sínú ilé rẹ̀. Ẹni tí erùpẹ̀ rẹ̀ bá kan yóò ra òkúta ẹfun lílọ̀ nínú àpò, yóò pò ó mọ́ ilẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú kí ó tó gbìn, nítorí kì í yára ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ ni ó wà á, ẹ̀rọ ni ó sì lọ̀ ọ́.