Nígbà tí Ìwé Ìfẹ́ Di Sinimá

Ọ̀rọ̀ òní kò dùn ún sọ, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a sọ ọ́: ọ̀rọ̀ ọkọ tí ń fìyà jẹ aya, àti bí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ṣe ń kúrò nínú ìwé bọ́ sójú sinimá. Ìwé lè sọ ohun tí obìnrin ń rò lọ́kàn fún wa. Sinimá ńkọ́? Ojú ni a fi ń wò ó, inú ẹ̀dá sì jìn.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1848, Anne Brontë tẹ ìwé kan jáde tí ó ń jẹ́ The Tenant of Wildfell Hall. Kò lo orúkọ ara rẹ̀; Acton Bell ni ó pe ara rẹ̀. Nínú ìwé náà, Helen fẹ́ ọkùnrin arẹwà kan, ó rò pé ìfẹ́ òun yóò tún ìwà rẹ̀ ṣe. Ọkọ náà di ọ̀mùtí, ó sì ń kọ́ ọmọ wọn kékeré ní ọtí mímu. Nígbà tí ó gbọ́ pé Helen fẹ́ sá lọ, ó gba owó ọwọ́ rẹ̀, ó sì sun àwọn ohun èlò tí ó fi ń ya àwòrán. Síbẹ̀, Helen gbé ọmọ rẹ̀ sá. Ẹ rántí pé láyé ìgbà náà, ohun tí aya bá ní, ti ọkọ ni lójú òfin. Ó di ọdún 1882 kí òfin tó jẹ́ kí aya ní ohun ìní tirẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́.

Inú ìwé kan tí Helen ń kọ ní ìkọ̀kọ̀ ni a ti ka gbogbo ìyà yìí. Nígbà tí BBC fi ìtàn náà ṣe eré tẹlifíṣọ̀n ní 1968, àti nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní 1996, wọ́n ní láti sọ ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ náà di ohun tí ojú rí.

Ìwé kejì jẹ́ ti ayé òde òní. Ní 2016, Colleen Hoover, ará Amẹ́ríkà, tẹ It Ends With Us jáde. Ó ní ohun tí ojú ìyá òun rí kí ó tó kọ bàbá òun sílẹ̀ ni ó mú òun kọ ọ́. Nínú rẹ̀, Lily, tí ó ń ta òdòdó ní ìlú Boston, ti rí i ní kékeré bí bàbá rẹ̀ ṣe ń lu ìyá rẹ̀. Nígbà tí ó dàgbà, òun náà fẹ́ dókítà kan, Ryle, tí ó ń lù ú, tí ó sì ń bẹ̀bẹ̀ lẹ́yìn náà.

Sinimá rẹ̀ jáde ní 2024. Christy Hall ni ó kọ ọ̀rọ̀ eré náà. Ẹ wo ọgbọ́n tí wọ́n dá. Oúnjẹ gbígbóná jó Ryle lọ́wọ́. Kí a tó ṣẹ́jú, Lily ti fara pa. Nínú ìwé, lójú ẹsẹ̀ ni a mọ̀ pé ó gbá a. Nínú sinimá, ó dà bí èèṣì. Ó pẹ́ kí wọ́n tó tún ohun kan náà fi hàn wá kedere, pé ọwọ́ Ryle ni. Irọ́ tí Lily ń pa fún ara rẹ̀, àwa náà ti gbà á gbọ́!

Ṣùgbọ́n ewu wà níbẹ̀. Ojú sinimá a máa sọ ohun gbogbo di ẹlẹ́wà, aṣọ, òdòdó, àní ẹni tí ń luni pàápàá. Àwọn kan ṣàròyé pé wọ́n polówó sinimá náà bí ẹni pé ìtàn ìfẹ́ lásán ni.

Ní ìgbẹ̀yìn, Lily bi ọkọ rẹ̀ pé kí ni yóò sọ bí ọmọbìnrin wọn bá wá sọ fún un lọ́jọ́ kan pé ẹni tí òun fẹ́ràn ń lu òun. Ìdáhùn ìbéèrè náà ni ó tú wọn ká.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, bí aládùúgbò yín bá ní ọgbẹ́ lójú, tí ó ní, "Mo ṣubú ni," ẹ má ṣe yára gbà. Ẹ tún un wò lẹ́ẹ̀kejì.