Abẹ́rẹ́ Inú Ọ̀pá Ẹ̀yìn
Ní 1901, ní ìlú Paris, Jean-Athanase Sicard gún abẹ́rẹ́ kokéènì sí ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn àwọn tí ìrora iṣan ìbàdí ń dà láàmú dé ẹsẹ̀. Ara tù wọ́n. Ohun tí ó ń ni iṣan náà lára ni kò tíì hàn. Ọdún 1934 ni Mixter àti Barr, ní Boston, fi hàn pé kèrékèré àárín eegun ẹ̀yìn lè yọ jáde, kí ó tẹ iṣan mọ́lẹ̀. Ní nǹkan bí 1952 ni hydrocortisone wọ inú abẹ́rẹ́ náà. Ó ń mú kí wíwú rọlẹ̀, kì í dá kèrékèré padà. Ìtura ni, kì í ṣe ìwòsàn. X-ray ni ó ń tọ́ ọ sọ́nà báyìí, síbẹ̀ ewu kò tán: ní Amẹ́ríkà, ní 2012, irú oògùn bẹ́ẹ̀ tí ìdọ̀tí ti wọ̀ pa ènìyàn tí ó lé ní 60.