Nzu: Bí amọ̀ tí aláboyún ń jẹ nítorí ìrìndọ̀ ṣe di ohun tí Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ń kìlọ̀ lé lórí

Tí ẹ bá wọ ọjà nílẹ̀ Igbo, ẹ ó rí i lórí àtẹ: ìṣù amọ̀ gbígbẹ, funfun tàbí aláwọ̀ eérú, tí wọ́n ń pè ní nzu. Aláboyún tí ìrìndọ̀ ń dà láàmú á gé e jẹ. Àwọn mìíràn gbà pé ó ń fún ọmọ inú ní èròjà tó nílò.

Kì í ṣe àṣà àná. Ní 1985, onímọ̀ méjì, Donald Vermeer àti Ray Ferrell, kọ sínú ìwé ìròyìn Science nípa amọ̀ tí wọ́n ń wà ní Uzalla, tó wà ní ìpínlẹ̀ Edo lónìí, tí wọ́n sì ń tà káàkiri Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Wọ́n ní ó jọ amọ̀ tó wà nínú Kaopectate, oògùn ìgbẹ́ gbuuru tí wọ́n ń tà l'Amẹ́ríkà nígbà náà. Àwọn ìyá wa kò ṣiwèrè.

Kí ló wá yí padà?

Ní 2002, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kìlọ̀ fún àwọn aláboyún pé kí wọ́n má jẹ ẹ́ mọ́, torí òjé wà nínú rẹ̀. Ní ìparí 2009, FDA l'Amẹ́ríkà kìlọ̀ bákan náà lẹ́yìn tí àyẹ̀wò ìpínlẹ̀ Texas bá òjé àti arsenic tó pọ̀ nínú nzu.

Amọ̀ ibì kan yàtọ̀ sí ti ibòmíràn, ojú lásán kò sì lè rí òjé. Ara ènìyàn máa ń ṣi òjé mú fún calcium, á tọ́jú rẹ̀ sínú eegun. Tí obìnrin bá lóyún, tí eegun ń tú calcium sílẹ̀ fún ọmọ, òjé á bá a jáde, á gba ibi ọmọ kọjá dé ọpọlọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà. Àjọ WHO ní kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí kò léwu.

Ohun tó dùn mí jù nìyí: amọ̀ tí ìyá ń jẹ kí ẹ̀jẹ̀ lè pọ̀ lára rẹ̀ lè dí ara lọ́wọ́ láti gba èròjà iron tó wà nínú oúnjẹ àti nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fún un nílé ìwòsàn.

Inú ọ̀rá kékeré ni FDA ní wọ́n ń tà á sí lọ́hùn-ún. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ọwọ́ kọ sára rẹ̀ kò ju "Nzu" tàbí "Nzu oníyọ̀" lọ.