Kírẹ́díìtì

Nínú ìdánwò àṣekágbá ilé-ẹ̀kọ́ gírámà tí àjọ WAEC ń ṣe, ìpele 9 ni wọ́n fi ń gbé èsì ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan jáde ní Nàìjíríà, láti A1 tí ó ga jù lọ títí dé F9 tí ó túmọ̀ sí pé akẹ́kọ̀ọ́ fìdí rẹmi. Ìtumọ̀ méjì ni kírẹ́díìtì ní láàárín wọn: ní ìtumọ̀ tóóró, C4, C5 àti C6 nìkan ni ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ní ìtumọ̀ gbòòrò tí àwọn yunifásítì ń lò nígbà tí wọ́n bá ń gba akẹ́kọ̀ọ́ wọlé, ó kó gbogbo ìpele láti A1 dé C6 pọ̀. Ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi rọ́pò rẹ̀ ni “yege”, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, nítorí D7 àti E8 jẹ́ ìyege láìjẹ́ kírẹ́díìtì, gẹ́gẹ́ bí gbólóhùn yìí ti fi hàn: “Títí yege nínú ìṣirò pẹ̀lú D7, ṣùgbọ́n kò ní kírẹ́díìtì nínú rẹ̀.” Níwọ̀n bí àwọn yunifásítì Nàìjíríà ti máa ń béèrè kírẹ́díìtì 5, ó yẹ kí òbí àti akẹ́kọ̀ọ́ ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀.