SBIR: Owó Ìwádìí tí Ìjọba Amẹ́ríkà Ń Fún Ilé-Iṣẹ́ Kékeré

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ wà l'Amẹ́ríkà, tẹ́ ẹ bá ní èrò kan lórí ẹ̀rọ, oògùn tàbí kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣe rí, báńkì ò ní yá yín lówó lé e lórí. Ilé tàbí ọjà tí báńkì lè gbẹ́sẹ̀ lé ló ń wá. Àwọn olówó tó máa ń ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́ tuntun náà fẹ́ kọ́kọ́ rí i pé nǹkan ọ̀hún ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n bá sì náwó tán, ìpín tiwọn ńkọ́? Àlàfo yìí ni ìjọba àpapọ̀ fẹ́ dí tó fi dá ètò Small Business Innovation Research sílẹ̀, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní SBIR.

Kì í ṣe ẹ̀yáwó, ẹ ò ní dá a padà. Ìjọba ò sì ní gba ìpín kankan nínú ilé-iṣẹ́ yín. Ohun tẹ́ ẹ bá ṣàwárí, tiyín ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba láṣẹ láti lò ó fún iṣẹ́ tirẹ̀ láìsan owó àṣẹ fún yín. Àkọsílẹ̀ iṣẹ́ yín wà lábẹ́ ààbò fún 20 ọdún, kí wọ́n má baà gbé e fún ilé-iṣẹ́ mìíràn.

Roland Tibbetts ló kọ́kọ́ gbé irú ètò yìí kalẹ̀ ní National Science Foundation ní ọdún 1977. Ní oṣù keje ọdún 1982, Ààrẹ Reagan fọwọ́ sí òfin tó sọ ọ́ di dandan: ẹ̀ka ìjọba èyíkéyìí tó bá ń ná ju mílíọ̀nù 100 dọ́là lọ lọ́dún lórí ìwádìí tí wọ́n ń gbé fún àwọn ará ìta gbọ́dọ̀ ya díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé-iṣẹ́ kékeré. Ìdá 0.2 nínú 100 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi máa di 2017, ó ti di ìdá 3.2. Ẹ má fojú kékeré wò ó o, owó ọ̀hún ti ń tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 4 dọ́là lọ́dún. Qualcomm jẹ nínú owó yìí nígbà tó ṣì jẹ́ ilé-iṣẹ́ kékeré ní San Diego ní àwọn ọdún 1980, bẹ́ẹ̀ náà ni iRobot, àwọn tó ṣe ẹ̀rọ agbálẹ̀ Roomba.

Ọ̀rọ̀ tó kan àwa àlejò jù ni ti ẹni tó ni ilé-iṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ wà fún èrè, kó fìdí kalẹ̀ sí Amẹ́ríkà, káwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ má sì ju 500 lọ. Ó kéré tán, ju ìdajì rẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀ tàbí ẹni tó ní gírín káàdì. Ẹ gbọ́ dáadáa: gírín káàdì tó. Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá búra di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ẹni tó ń lo físà iṣẹ́ nìkan ni wọn ò ní kà mọ́ ìdajì yẹn, àmọ́ òun náà lè ṣe olórí ìwádìí láwọn ẹ̀ka kan tí òfin bá gbà á láyè láti ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ náà. Nítorí náà, ẹ̀yin méjì tẹ́ ẹ fẹ́ jọ dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, tí ọ̀kan ní gírín káàdì tí èkejì ò ní, tẹ́ ẹ wá pín in ní ọgbọọgba, ẹ ti tì ara yín sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìdajì kì í ṣe ju ìdajì lọ. Ẹ yanjú ẹ̀ níwájú lọ́yà kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé.

Òmíràn tún wà. Iṣẹ́ ìwádìí náà, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ ṣe é. Ẹ ò lè gba owó yìí kẹ́ ẹ wá gbé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà inú ẹ̀ ránṣẹ́ sáwọn àbúrò yín ní Yábàá torí pé owó ọ̀yà tibẹ̀ dínkù. Ó lè dun èèyàn, àmọ́ bí òfin ṣe wí nìyẹn, àfi tí ẹ̀ka tó fún yín lówó bá dìídì fọwọ́ sí i, èyí tó ṣọ̀wọ́n.

Ìpele mẹ́ta ni ètò náà ní. Ìpele kìíní, tó máa ń gbà tó oṣù 6 sí ọdún 1, wà láti fi hàn pé èrò yín ṣeé ṣe. Owó rẹ̀ lè jẹ́ 50,000 dọ́là níbì kan, kó sún mọ́ 300,000 níbòmíràn. Ìkejì máa ń gbà tó ọdún 2, owó rẹ̀ sì lè kọjá mílíọ̀nù 1. Ìkẹta ò ní owó SBIR rárá, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ti ń kú. Síbẹ̀, lójú tèmi, ìkẹta yìí ló níye lórí jù. Ìdí ni pé ẹ̀ka ìjọba tó bá fẹ́ ra ohun tó jáde látinú iṣẹ́ yín lè gbé kọ́ńtírátì fún yín tààrà, láìtún pe àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá wá bá yín du ú. Ẹni tó ń kọ ìwé ìpele kìíní tí ò tíì mọ ẹni tó máa rà á níkẹyìn, owó ló ń wá, kò tíì wá ọjà.

Ẹ̀ka 11 ló ti ń kópa nínú ètò yìí, ìwà wọn ò sì jọra. Ilé-iṣẹ́ ológun àti NASA máa ń kọ ìṣòro tiwọn jáde, pé ta ló lè bá wa yanjú ẹ̀. Ní NIH, tó ń bójú tó ìwádìí ìlera, àti ní National Science Foundation, ẹ̀yin lẹ máa gbé èrò tiyín wá. Àwọn tó wà ní yunifásítì ní STTR, èkejì SBIR, níbi tí ilé-iṣẹ́ ti máa ṣe ó kéré tán ìdá 40 nínú 100 iṣẹ́ náà, tí yunifásítì á ṣe ó kéré tán ìdá 30.

Ẹ ṣọ́ra fáwọn tó ń pe ara wọn ní alágbàwí owó ìjọba. Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀ ní SAM.gov, ọ̀fẹ́ sì ni fífi ìwé ránṣẹ́. Ẹ lè sanwó fún ẹni tó mọ ìwé kọ dáadáa, kò burú. Àmọ́ ẹni tó bá ní òun mọ ẹnì kan nínú tó máa bá yín fà á yọ, gbájúẹ̀ ni. Ìforúkọsílẹ̀ yẹn lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ má dúró di ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ tìlẹ̀kùn.

Ẹ lè fi èrò kan náà ránṣẹ́ sí ẹ̀ka méjì, tẹ́ ẹ bá ti sọ fún àwọn méjèèjì. Ohun tí ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣe ni kẹ́ ẹ gba owó méjì fún iṣẹ́ kan. Wọ́n ti ju àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì sẹ́wọ̀n lórí irú ẹ̀ rí. Àkọsílẹ̀ wákàtí tí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fi ṣiṣẹ́, ẹ máa kọ ọ́ lójoojúmọ́, torí àwọn olùyẹ̀wò owó máa bi yín.

Ètò yìí kì í ṣe ti ayérayé. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ló ń sún àṣẹ rẹ̀ síwájú látìgbàdégbà, àṣẹ ọ̀hún sì parí ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 2025 láìjẹ́ pé wọ́n tíì tún un ṣe lọ́jọ́ náà. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó jókòó kọ ohunkóhun, ẹ lọ sí SBIR.gov àti ojú ewé ẹ̀ka tẹ́ ẹ fẹ́ kọ̀wé sí, kẹ́ ẹ wò ó bóyá wọ́n ń gba ìwé lásìkò yẹn, àti iye tí wọ́n fẹ́ san.